Ẹni Tó Ń Kọ Áàpù, Fóònù Wo Ló Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀?

Nínú iṣẹ́ tiwa yìí, iṣẹ́ kíkọ ètò fún fóònù àti kọ̀ǹpútà, àwọn kan wà tí wọ́n gbà pé ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan kò yẹ kó bá èrò rẹpẹtẹ lò ó. Yaba, ní Èkó, ni wọ́n pọ̀ sí jù, àmọ́ ẹ ó bá wọn l'Óṣogbo náà. Ọ̀dọ́ tó lè jókòó ti kọ̀ǹpútà láti ìyálẹ̀ta di ọ̀gànjọ́, tó ń kọ áàpù tí àwọn alátẹ yóò fi máa gbowó, àmọ́ tí òun alára kò sí lórí Facebook, tó ti yọ WhatsApp kúrò lórí fóònù rẹ̀, tó sì ní TikTok ń ba ọpọlọ jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́ sí i, àfi ímeèlì. Ìyá rẹ̀ gan-an, tó bá fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀, àfi kó pè é.

N ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Lọ́dún 2010 tí iPad ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, Steve Jobs sọ fún Nick Bilton, akọ̀ròyìn New York Times, pé àwọn ọmọ òun kò tíì lò ó, pé àwọn máa ń díwọ̀n bí ọmọ ṣe ń lo ẹ̀rọ nílé. Chamath Palihapitiya, tó ti ṣe ọ̀gá ní Facebook rí, dúró níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Stanford lọ́dún 2017, ó ní àwọn ọmọ òun kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Nílé wa níbí, lóṣù Keje ọdún 2024, àjọ FCCPC tó ń gbèjà àwọn oníbàárà bu owó ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta, tó ni Facebook àti WhatsApp, lórí ohun tó ń fi ìsọfúnni àwọn ọmọ Nàìjíríà ṣe. Ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ fọwọ́ sí i lóṣù Kẹrin ọdún 2025. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá wá ní òun ò ṣe, orí rẹ̀ pé.

Ibi tí èmi àti irú wọn ti ń jiyàn ni pé ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n dì pọ̀ mọ́ra. Ohun tí mo bá gbà láàyè nínú yàrá mi, tó ń bá ọmọ mi ṣeré, èmi ni mo láṣẹ lórí rẹ̀. Ohun tí mo ń tà fún èèyàn, tí mo sì ń gbowó lé lórí, n ò láṣẹ láti dúró lókèèrè kí n máa fi ojú inú wo bí wọ́n ṣe ń lò ó. Jobs tí kò fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní iPad, òun náà ló jókòó sórí àga níwájú gbogbo ayé lóṣù Kìíní ọdún 2010, tó gbé e lé orí ẹsẹ̀, tó ń fi ìka yí ìwé ìròyìn.

Ètò ìṣirò owó ni èmi ń kọ, fún àwọn ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù àti àwọn alájọ. Òṣogbo ni ọ́fíìsì wa wà, àmọ́ Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun ni púpọ̀ nínú àwọn oníbàárà wa ń gbé. Ìlobùú ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìfọ́n ni ti Orolu. Olóbùú ń jọba nínú ọ̀kan, Olúfọ́n ń jọba nínú èkejì, síbẹ̀ ilé tòhún pàdé ilé tìhín débi pé àlejò lè rìn kọjá láìmọ̀ pé òun ti bọ́ sí ìlú mìíràn. Ulli Beier, ọmọ Jámánì tó wá ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Ìbàdàn lọ́dún 1950, gbé ní Ẹdẹ, ó gbé ní Ìlobùú, kó tó wá fìdí kalẹ̀ l'Óṣogbo. Ohun tó ń wá kò sí nínú ọgbà yunifásítì, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, bí ohun tí àwa náà ń wá kò ṣe sí nínú ọ́fíìsì.

Ẹ wo alájọ kan bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́jà. Ọwọ́ òsì di báàgì mú, fóònù wà lọ́wọ́ ọ̀tún, òòrùn ń tàn sójú gíláàsì tó ti sán. Ẹlẹ́ja na ₦500 sí i. Alájọ fẹ́ kó fúnra rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pé òun ti san tòní, ẹlẹ́ja sì na ìka, àmọ́ ọwọ́ tó ti inú omi ẹja jáde, gíláàsì fóònù kì í gbọ́ tirẹ̀. Ó nù ún mọ́ ìró, ó tún tẹ̀ ẹ́. Aláta ti ń ké sí alájọ láti ìsọ̀ kejì. Gbogbo àsìkò tí alájọ ní láti fi kọ owó náà sílẹ̀ kò ju ìgbà tó máa fi jù ú sínú báàgì lọ. Káàdì àjọ tí ìyá rẹ̀ fi ṣiṣẹ́ kì í béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé, kì í béèrè bóyá ó dá a lójú; bírò kàn fi igi kan sí ojú ọjọ́ òní, ó tán. Áàpù tó bá bi í léèrè lẹ́ẹ̀mejì, káàdì ni alájọ yóò padà sí, n ò sì ní dá a lẹ́bi.

Fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, bí kì í bá ṣe Tecno, itel ni, tàbí Infinix. Ilé-iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Transsion ti ilẹ̀ Ṣáínà, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2006. Àwọn tó kàwé máa ń fojú kéré fóònù wọ̀nyí tẹ́lẹ̀. Mo ka ohun tí Transsion fi gba ọjà sí ọgbọ́n gidi: wọ́n rí i pé èèyàn wa ń gbé síìmù méjì mẹ́ta kiri nítorí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dáa nílé lè má dáa lóko, wọ́n sì ṣe ojú síìmù méjì. Wọ́n rí i pé iná kì í sí, wọ́n jẹ́ kí bátìrì pẹ́. Wọ́n tún kámẹ́rà ṣe kó lè rí àwọ̀ dúdú dáadáa. Kò sí èyí tí wọ́n lè rí níbẹ̀ bí wọn ò bá wá bá wa lójú títì.

Àwọn Facebook náà wá, kí n má parọ́ mọ́ wọn. Lọ́dún 2013, àwọn kan nínú àwọn tó ń kọ áàpù wọn rìnrìn àjò wá sí Áfíríkà, wọ́n ra fóònù Android tí wọ́n ń tà níbẹ̀, wọ́n gbé áàpù tiwọn sórí rẹ̀. Áàpù náà ń kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Dátà oṣù kan tán láàárín 40 ìṣẹ́jú. Ìrìn àjò yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n tún áàpù náà dín kù, Facebook Lite sì jáde lóṣù Kẹfà ọdún 2015. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan nílé wọn ní Amẹ́ríkà: lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ lè gbà kí wọ́n dín íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kù sí 2G fún wákàtí kan, kó lè mọ bó ṣe ń rí lára ẹlòmíràn. Ó dáa, mo yìn wọ́n. Àmọ́ wákàtí kan ni, ẹni tó bá fẹ́ sì ni. Ní Ìfọ́n, 4G lè mú láàárọ̀; tí òjò bá ṣú, tàbí tí iná bá ti lọ pẹ́, ó di lẹ́tà E kékeré kan, àmì 2G, lókè fóònù, kò sì sẹ́ni tó bi ọ́ bóyá o gbà.

Àwọn ilé-iṣẹ́ kan gbà pé àwọn ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí: wọ́n á ra fóònù olówó pọ́ọ́kú kan sínú dúrọ́ọ̀, ẹni tó bá fẹ́ dán nǹkan wò á mú un, á dá a padà. Mo ti rí irú fóònù bẹ́ẹ̀ dáadáa. Kò sí fọ́tò ọmọ lórí rẹ̀, kò sí fídíò ìwàásù, kò sí ohùn àbúrò tó wà n'Íbàdàn. Àyè wá pọ̀ nínú rẹ̀ bí pápá. Fóònù aláta ti kún dẹ́nu. Kí áàpù tiwa tó wọlé, nǹkan kan gbọ́dọ̀ jáde, kì í sì í ṣe fọ́tò ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ni yóò yọ. Tó bá sì di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tí fóònù ní àyè ti tán, áàpù ta ni ẹ rò pé yóò kọ́kọ́ lọ?

Ohun tí mo ń sọ ni pé dídán wò kì í ṣe lílò. Ẹni tó ń dán an wò kò ní ohunkóhun nínú rẹ̀. Owó àfiṣeré ló ń tẹ̀ kiri. Tó bá bàjẹ́, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó bàjẹ́, yóò lọ jẹun.

Ìgbà tí èyí hàn sí gbogbo ayé ni ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 2022, Godwin Emefiele tó jẹ́ gómìnà báńkì àpapọ̀ nígbà náà kéde pé ₦200, ₦500 àti ₦1,000 máa pàwọ̀ dà. Owó tuntun jáde lọ́jọ́ 15 oṣù Kejìlá. Wọ́n sún gbèdéke owó àtijọ́ láti ìparí oṣù Kìíní sí ọjọ́ 10 oṣù Kejì. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ló wá sọ, lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹta, pé ká ṣì máa ná an títí ọdún yóò fi parí, ṣùgbọ́n kó tó dìgbà yẹn, owó ti wọ́n bí ojú. Ẹni tí kò fi fóònù sanwó rí ń fi fóònù ra gààrí.

Ẹ fojú inú wò ó. Ẹ dúró níwájú ẹlẹ́lùbọ́, ẹ ti tẹ owó ránṣẹ́. Fóònù yín dún: owó ti jáde. Tìyá ẹlẹ́lùbọ́ kò dún. Ó gbé ọwọ́ lé ọ̀rá ẹlùbọ́ yín. Kò bá yín jà, kò sì gbé e fún yín. Èrò ń pọ̀ lẹ́yìn yín. Ojú fóònù kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan pé owó náà ṣì wà lọ́nà. Yóò wà lọ́nà di ìgbà wo? Ta ni kí ẹ pè? Ṣé kí ẹ tún un tẹ̀, àbí ẹ ó wá san án lẹ́ẹ̀mejì? Lójú àwa tó ń kọ ètò, ibi mẹ́ta ni owó tí a fi ránṣẹ́ lè wà: ó ti dé, kò lè dé mọ́, ó ṣì ń lọ. Méjì àkọ́kọ́ la máa ń fi gbogbo agbára kọ. Fún ìkẹta, a ó fi òbìrìkìtì kékeré kan tó ń yí síbẹ̀, a ó kọjá. Bẹ́ẹ̀ inú ìkẹta yẹn ni àwọn èèyàn gbé fún odindi ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ́dún yẹn. Ẹni tí ẹlùbọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn ni yóò mọ̀ pé ojú ewé yẹn ló yẹ kó ní aago, nọ́ńbà tí èèyàn lè pè, àti gbólóhùn kan lédè Yorùbá tí a lè nà sí ẹni tó ń tajà pé kó fi ojú ara rẹ̀ kà á.

Ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìlobùú, níbi tí ìdílé onílù pọ̀ sí, ẹni tó ń fi awọ bo ìlù lẹ́yìnkùlé ló tún ń gbé e kọ́ èjìká lọ sóde àríyá. Bí awọ bá bẹ́ lójú agbo, ojú tirẹ̀ ni yóò tì, owó tirẹ̀ ni yóò sì lọ. Irú ìpayà yẹn ni mo fẹ́ kó wà lára ẹni tó ń bá mi ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ní ọ́fíìsì wa, gbogbo ẹni tó bá fọwọ́ kan ètò náà ń dá àjọ nínú rẹ̀, owó oṣù tirẹ̀ gan-an, lórí fóònù tí oníbàárà wa lè rà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà láàárín wa tí ọ̀rọ̀ yìí kò wọ̀ létí rárá. Ó mọ iṣẹ́. Níbi ọ̀rọ̀ ààbò, ó jù mí lọ. Òun ni irú ẹni tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Tí mo bá ń lo nǹkan lójoojúmọ́, ojú mi á ti mọ́ ọn lára, n ò ní rí àbùkù rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin náà, ẹ wo bí ẹ ṣe ń tẹ áàpù wa. Ẹ kì í kàwé tó wà níbẹ̀. Ẹ ti há a sórí."

Òótọ́ ni. N ò rí ọ̀nà tí mo fẹ́ gbà yí i padà, n ò sì ní gbìyànjú. Lílò tèmi kò lè fi ohun tí kì í ṣe ìwà mi hàn mí. Ẹ gbọ́ èyí. Lójú ọ̀nà tó gba Ìlobùú bọ́ sí Ìfọ́n, mo jókòó ti ọmọbìnrin oní-POS kan lábẹ́ agboòrùn rẹ̀. Ìyá àgbà kan wá gba owó tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Èkó. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó mú káàdì báńkì jáde nínú ọ̀rá.

"Ọmọ mi, o kú ọjà o."

"Ẹ ṣé o, màmá. Ẹ káàbọ̀ mà. Èló la máa yọ?"

"Ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Bá mi tẹ̀ ẹ́."

"Màmá, ẹ̀yin lẹ máa tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ yín o."

"Èwo ni ti ìkọ̀kọ̀? Ṣé o fẹ́ jí mi lówó ni?" Ó sì ka nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè ketekete. Èmi gbọ́. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa gbọ́.

Ọmọbìnrin náà wojú mi, ó mi orí, ó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló ya ojú ewé nínú ìwé ọmọléèwé kan, ó kọ iye tó yọ àti iye tó kù, ó ká a pọ̀ mọ́ káàdì, ó ní kí màmá fi han ọmọ tó bá pè. Èmi tí mo máa ń fi ọwọ́ bo ẹ̀rọ kí n tó tẹ nọ́ńbà tèmi, mo lè lo ẹ̀rọ náà di ọjọ́ alẹ́ kí n má mọ̀ pé ìyá yìí kò bá ẹ̀rọ da nǹkan kan pọ̀. Ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀ ló gbẹ́kẹ̀ lé. Ìwé pélébé yẹn ni rìsíìtì rẹ̀. Ẹni tó bá ń kọ ètò fún irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ronú nípa àwọn méjì, ẹni tó ni owó àti ẹni tó ń bá a tẹ̀ ẹ́, kò sì sí nínú ìwé iṣẹ́ wa kankan tí mo ti rí ẹni kejì yẹn.

Nítorí náà, lílò fúnra ẹni kò tó, èèyàn gbọ́dọ̀ tún lọ jókòó. Àmọ́ ẹni tí kò lò ó rárá, tó bá jókòó síbẹ̀, kò ní mọ ohun tó ń wò. Ẹ wo ọ̀rọ̀ kóòdù báńkì, èyí tí à ń fi ìràwọ̀ bẹ̀rẹ̀, tí a sì ń fi àmì # parí. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2025, NCC, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ fóònù, ti ní kí owó rẹ̀ máa jáde nínú owó ìpè oníbàárà: ₦6.98 fún ìṣẹ́jú méjì. Ẹni tó ń lo áàpù nìkan kò ní fura sí i. Ẹni tó ń tẹ kóòdù lórí fóònù onítọ́ọ̀ṣì mọ̀ pé bí wọ́n bá to ìbéèrè jọ ní ojú ewé méje, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ń fà, ìṣẹ́jú méjì ti fẹ́ pé, ₦6.98 mìíràn ti ń bọ̀. Tí kò bá sì sí owó ìpè nílẹ̀, kò lè mọ iye tó wà ní báńkì.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó jẹ́ ti àdúgbò wa pátápátá. Lọ́dún 2025, ìjà ilẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ìlú yìí. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná, Gómìnà Adémọ́lá Adélékè kéde kónílé-ó-gbélé ní Ìfọ́n, Ìlobùú àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun. N ò ní wọ inú ẹjọ́ ta ló ni ilẹ̀. Ohun tó kan iṣẹ́ mi ni pé áàpù pọ̀ lónìí tó máa ń fúnra rẹ̀ wo ibi tí fóònù wà, tí yóò sì kọ orúkọ ìlú sí rìsíìtì láìbéèrè. Ní Lekki, tó bá ṣi àdúgbò kan pè ní òmíràn, ẹ̀rín ni. Ní ààlà Ìlobùú àti Ìfọ́n, orúkọ ìlú tó wà lókè rìsíìtì ṣọ́ọ̀bù lè dá wàhálà sílẹ̀. Tiwa kò wo ibi tí fóònù wà. Oníṣọ́ọ̀bù ni yóò kọ ìlú rẹ̀ fúnra rẹ̀, bó ṣe fẹ́ kó hàn. Kò sí ìwádìí kankan tí à bá fi owó ṣe tó máa sọ bẹ́ẹ̀ fún wa. A mọ̀ ọ́n nítorí pé a láwọn èèyàn níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, a sì wà lórí WhatsApp pẹ̀lú wọn ní gbogbo ọjọ́ tí ìlú kò fara rọ, tí ohùn tí ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ń ti ẹgbẹ́ kan bọ́ sí òmíràn.

Mo máa ń rántí Ọpọ́n Ìmọ̀ nínú ọ̀rọ̀ pé ká lo ohun tí gbogbo ìlú ń lò. Lóṣù Kẹfà ọdún 2013 ni Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, gómìnà Ọ̀ṣun nígbà náà, gbé e jáde fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì àgbà: ẹ̀rọ pẹlẹbẹ onígíláàsì tí wọ́n kó ìwé kíkà, ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àwọn ọdún tó ti kọjá sí nínú. Wọ́n ní 150,000 lọ́kàn. Èrò ńlá ni. Ìwé wọ́n, báàgì ọmọ wúwo, ẹni tó bá ronú bẹ́ẹ̀ lọ́dún náà kò kéré. Ìbéèrè mi kì í ṣe bóyá ó dáa. Mo ń béèrè pé lẹ́yìn akẹ́kọ̀ọ́, ta ló tún fi ṣe nǹkan tirẹ̀? Ohun tí gbogbo ìlú ń lò, gbogbo ìlú ni yóò máa ṣọ́ ọ. Bí gíláàsì Tecno bá fọ́, atúnfóònùṣe wà ní gbogbo oríta. Bí WhatsApp bá kọṣẹ́ fún wákàtí kan, ariwo á ta láti Ṣókótó dé Calabar. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún ọmọ nìkan, ohùn ọmọ nìkan ni yóò ní láti fi ké, a sì mọ bí ohùn ọmọ ṣe ń dé ọ́fíìsì àgbà.

Kí n tó gbàgbé: ẹni tó kọ̀ jálẹ̀ náà wúlò. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ló dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé áàpù wa kò gbọdọ̀ tọrọ àyè láti wo àwọn nọ́ńbà tó wà nínú fóònù èèyàn. Ẹ rántí ohun tí àwọn áàpù ayánilówó kan fi irú àyè bẹ́ẹ̀ ṣe: ọjọ́ gbèsè pé, wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ àbùkù ránṣẹ́ sí àna onígbèsè, sí pásítọ̀ rẹ̀, sí ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, títí FCCPC fi gbé òfin dè wọ́n lọ́dún 2022. Èmi tí mo ń lo gbogbo nǹkan, tí mo ti ń tẹ "mo gbà" láìkà á, ó ṣeé ṣe kí n má rí i. Mo fẹ́ irú rẹ̀ nínú ilé-iṣẹ́. Mi ò kàn fẹ́ kí gbogbo wa jẹ́ irú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò ló wà nílẹ̀ báyìí. Nínú ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù tí èmi náà ń fowó pamọ́ sí, lẹ́yìn ìpàdé, akápò á ṣí ìwé ńlá, á ya fọ́tò ojú ewé, á jù ú sórí WhatsApp ẹgbẹ́. Fọ́tò á wọ́, òjìji orí akápò á bo igun kan. Kò burú. Oníkálukú á fẹ fọ́tò náà lójú, á wá orúkọ rẹ̀ kàn, á tọ ìlà lọ sí iwájú, á wo iye tó wà níbẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé á ní kí ọmọ òun wò ó. Bí orúkọ ẹnì kan bá sọnù, ìṣẹ́jú kan kò ní pé kí ohùn rẹ̀ tó dún nínú ẹgbẹ́, gbogbo èèyàn á sì gbọ́. Ìyẹn ni ìjíhìn owó lójú tiwọn: gbogbo wa ń rí orúkọ gbogbo wa. Áàpù tiwa ní ojú ewé ìṣirò tó mọ́ tónítóní, oníkálukú sì ní tirẹ̀ níkọ̀kọ̀. Nínú ẹgbẹ́ tí ẹnì kan ti ń ṣe onídùúró fún ẹlòmíràn, ìkọ̀kọ̀ gan-an ni wọ́n ń fura sí.

A ti wá ń kọ bọ́tìnnì kan tí yóò sọ ojú ìwé ẹgbẹ́ di fọ́tò: ìlà gbọọrọ, orúkọ ní òsì, owó ní ọ̀tún, àyè fún ìbuwọ́lùwé akápò nísàlẹ̀, kó fẹ́lẹ́ tó tí kò ní jẹ dátà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni iṣẹ́ bọ́ sí lọ́wọ́. Ó ra síìmù ọ̀tọ̀, ó gbé WhatsApp padà sórí itel kan, kò fi fọ́tò ara rẹ̀ síbẹ̀, mo sì fi í sínú ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù pẹ̀lú owó tirẹ̀. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ó wọlé tọ̀ mí wá, ojú rẹ̀ kò dáa.

"Ọ̀gá, láti aago márùn-ún ìdájí ni wọ́n ti ń fi àdúrà ránṣẹ́ o. Fídíò ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Àyè fóònù ti tán."

Mo ní kó má pa ọ̀kankan rẹ́. Kó kọ́kọ́ wá bí fọ́tò tiwa yóò ṣe wọlé sáàárín wọn.